Dókítà Tó Ń Wádìí Ìdílé Wa

Basheerah ọmọ mi,

Asalaamu alaekun. Mo kí ọ, mo kí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé ní Trikania ní Kàdúná, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbúròó ibi nípa ara wa. Ara màmá rẹ le. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí méjì, ó sì jẹ fìlà mi kó tó bí wọn.

Fọ́ọ̀mù dókítà rẹ tó o fi rán dírẹ́bà dé, mo sì ka lẹ́tà rẹ, bí àyà rẹ ṣe ṣàdédé ń lù kìkì níbi iṣẹ́ ní Kudenda, tó o rò pé ikú dé. Dókítà ní ọkàn rẹ kò ní àrùn. Ó ní ọ̀tọ̀ ni àníyàn, ọ̀tọ̀ ni ìjáyà òjijì: àníyàn á rọra wọlé, á sì bá èèyàn gbé pẹ́, ṣùgbọ́n ìjáyà kì í kan ilẹ̀kùn, á le gan-an, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó yé mi. Àníyàn ni ti màmá rẹ, tó ti ń ronú láti ọdún tó kọjá pé ògiri aládùúgbò wa á wó lu ààrò òun.

Ibi tí dókítà ti béèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé wa ti ní irú rẹ̀ rí ni mo ti rẹ́rìn-ín. Èmi náà wádìí ilé màmá rẹ kí n tó fẹ́ ẹ. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí, a kò ní wárápá, a kò jalè rí, o sì mọ ọbẹ̀ sè. Mo ní kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá lẹ́yìn ìkórè. Màmá rẹ ní dókítà náà lè jẹ́ obìnrin. Mo ní kó má dá sí i.

Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo kọ. Ọjọ́ tí mo sìn ọ́ dé gáréèjì, bí mọ́tò Kàdúná ṣe gbé ọ lọ ni ìjáyà yìí mú mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà. Òógùn bò mí, mo jókòó sórí táyà, mo ń ka kalimọ ṣàhádà. Nígbà tó ṣe, ó lọ. Mo sọ fún màmá rẹ pé oòrùn ló pa mí. Ìjáyà náà ti wá lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan ní mọ́ṣáláṣí, mo sì dọ́gbọ́n jáde bí ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ojú ń tì mí, mo rò pé èmi nìkan ni.

Mo ti fagi lé “kò sí”, mo kọ “bàbá rẹ̀” síbẹ̀. Bí dókítà bá torí ẹ̀ yí ọkàn padà, kó máa lọ.

Jọ̀ọ́, fi owó káàdì ránṣẹ́, èyí tó máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, má dín in. Tí ìjáyà bá tún dé, fláàṣì mi, màá pè ọ́. N kò ní sọ nǹkan kan, a ó kàn jọ máa mí títí á fi lọ. Tí tèmi bá dé, èmi náà á fláàṣì rẹ. Ọlọ́run á fi wá lọ́kàn balẹ̀, àti èmi àti ìwọ. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Àbdùlkàrímù