Kánkàn, kì í ṣe kánkán

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ìyá Àwáwù, oníbàárà mi, ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i: "Gaun Awawu, kankan ni mo fe o." Mo kà á sí kánkán, mo sì sáré rán an.

Ó dé lónìí, ó gbé gáùn sókè, gáùn rọ̀ jọwọlọ.

"Ìyá Ràmọ́tà, kánkàn ni mo wí! Nẹ́ẹ̀tì abẹ́ gáùn, tó ń jẹ́ kó ṣí bí agboòrùn!"

Ọ̀la ni ọjọ́ ìbí ọmọ náà. Kò sì sí nẹ́ẹ̀tì kankan ní gbogbo Ìyànà Ọ̀fà.

Láyé tèmi, abẹ́ gáùn Iléyá ni màmá mi ń rán an mọ́, á máa yún mi nítan. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wọ̀ ọ́ síta gbangba pẹ̀lú tíṣáàtì, bíi ti àwọn òyìnbó tó ń fi orí ìka ẹsẹ̀ jó. Èwo ló kàn mí ńbẹ̀?

Gáùn Iléyá Ràmọ́tà ọmọ mi ló kọ́ sára ògiri yìí. Kánkàn rẹ̀ ṣì le dáadáa. Àlùmọ́gàjí wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ èyí; ṣé kí n gé e sí ti Àwáwù? Abẹ́ ṣáà ló wà, ta ló máa mọ̀?

Ṣùgbọ́n tí Ràmọ́tà bá ti wọ̀ ọ́, pípòòyì ló kọ́kọ́ máa ń ṣe.