Ẹsẹ̀ Ọmọ Àgùnfọn

Yàrá Kẹta, Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
Ọgbà Ẹranko Igbó.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kẹjọ.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ínẹ̀yẹ,

Bí ẹnìkan bá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí ohun tó sọ kò sì jẹ́ òótọ́, ṣé irọ́ ló pa? Láti ìgbà tí mo ti gorí bẹ́ẹ̀dì ni ìbéèrè yìí ti jókòó sí mi láyà. Nígbà tí mo rí i pé kò ní í dìde, èmi ni mo dìde fún un, mo tan àtùpà, mo fa pépà. Má bínú pé mo da ìbéèrè bò ọ́ kí n tó kí ọ. Ṣebí ìwọ lo sọ mí ní Oníbéèrè nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Báwo ni ara? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti rọlẹ̀? Ọkọ wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé àbúrò ti ń jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rí oorun sùn? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, tí wọ́n á ní àwọn ti lò ó? Ẹ kú iṣẹ́ wọ́ọ̀dù o. Nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ níbí, ariwo kẹ̀kẹ́ oògùn yẹn ló máa ń wá sí mi létí, èyí tí táyà rẹ̀ kan kì í yí dáadáa. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè ṣàárò irú ariwo bẹ́ẹ̀.

Èmi náà wà. N kò ní í sọ pé mo wà dáadáa. Yàrá tí wọ́n fún mi gba bẹ́ẹ̀dì, tábìlì kékeré, àti ìṣó tí mo ń fi aṣọ kọ́ lára ògiri, ó parí. Páànù ni òrùlé rẹ̀. Bí oòrùn bá mú un lọ́sàn-án, á máa ta páú-páú. Bó bá ń tutù lálẹ́, á tún máa ta. Pupa ni omi ẹ̀rọ máa ń jáde láàárọ̀, mo sì ti kọ́ láti jẹ́ kó ṣàn díẹ̀ kí n tó bọ́jú. Iṣẹ́ tí mo yọ̀ǹda ara mi fún kò le. Mò ń fọ irinṣẹ́ dókítà ẹranko, mò ń sè wọ́n, mò ń po oògùn, mo sì ń bá wọn jáde nínú ọkọ̀. Àwa mẹ́ta la máa ń jáde: dókítà, awakọ̀, àti èmi. Àgbàlagbà ni dókítà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Awakọ̀ ló ń bá a sọ tirẹ̀ mọ́ tara rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ aṣọ nọ́ọ̀sì mi funfun jáde, ó bi mí bóyá ìnàkí kan ló fẹ́ mi tí mo fi múra bí ìyàwó. Kí oòrùn tó kàn wá lórí, aṣọ náà ti di àwọ̀ ilẹ̀.

O ní kí n ròyìn erin fún ọ. Mo rí erin, ọ̀rẹ́ mi. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n kó àwa tuntun mọ́ àwọn àlejò tó wá wo ẹranko, ọkọ̀ tí kò lórùlé ni wọ́n fi gbé wa. Agbo erin kan ń kọjá lójú ọ̀nà, a sì dúró dè wọ́n bí ẹni dúró de àgbà. Ẹsẹ̀ wọn kò dún. Ẹranko tó tóbi tó yàrá yìí, ó kọjá bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Mo rí ẹfọ̀n tó wò wá bí ọlọ́pàá ojú pópó, àti kìnnìún tó nà gbalaja bí ọ̀mùtí. Gbogbo wa ń ya fọ́tò, mo sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń padà bọ̀, ìbànújẹ́ kan tí n kò mọ orísun rẹ̀ bò mí. Nínú àwọn ìwé tí mo kà láti kékeré, ẹranko a máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyí kò bìkítà pé a wà níbẹ̀. Mo bi ara mi pé ta ló pè mí wá ná.

Òfin kan wà níbí, ọjọ́ tí mo dé ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló ṣe ẹranko léṣe, bíi ọkọ̀ tó gbá a tàbí pańpẹ́ wáyà tó mú un, dókítà yóò tọ́jú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹranko mìíràn ló bù ú jẹ, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Dókítà ní ìkookò náà lọ́mọ nílé. Mo mi orí pé mo gbọ́. Orí mímì kò ná mi ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí oòrùn ti ń rọlẹ̀, a rí àgùnfọn kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè bí ẹni tó tẹ iná. Kòtò ńlá kan ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ wa súnmọ́ wọn. Ojú dókítà kò sì ríran jìnnà dáadáa mọ́ láti ọdún tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ló bá na awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sí mi. Ó ní kí n wo ọgbẹ́ náà fún òun. Bó bá yí ẹsẹ̀ ká bí òrùka, wáyà ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló ya, eyín ni.

Mo wò ó pẹ́. O mọ̀ pé ọgbẹ́ ni èmi àti ìwọ fi kọ́ṣẹ́. Bí aláìsàn bá ṣí báńdéèjì, a ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí ó tó ṣí i tán. Ẹ̀gbẹ́ kan ya, ẹran rọ̀ síta. Ẹ̀gbẹ́ kejì wú, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ pé, ó ń dán. Mo ní, “Eyín ni.”

Ó ní, “Ṣé ó dá ọ lójú?”

Mo ní, “Ó dá mi lójú.”

Nígbà tó ní ká yí ọkọ̀ padà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Awakọ̀ ní nínú ọjà tibí, kìnnìún ni bàbálọ́jà, kí n lọ fẹjọ́ sùn ún. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní oògùn tí wọ́n fi ń mú àgùnfọn sùn, àgùnfọn mìíràn kì í jí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, òun kì í sì í dán an wò àfi bó bá jẹ́ àwa ènìyàn la dá wàhálà náà sílẹ̀. A lọ. Títí a fi jìnnà ni mo ń rí ọrùn ìyá náà lókè igi.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, igún ló júwe ibi tí ìkookò ti pa ọmọ náà jẹ fún wa. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹsẹ̀ tó kù, ó fi ọ̀bẹ la ibi tó wú, ibi tí mo ní awọ rẹ̀ pé. Wáyà wà nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Bó ti ń dàgbà ni ẹran ń gbé e mì, tí awọ sì padé lé e lórí. Ibi tó ya yẹn, ibi tí wáyà ti já awọ jáde ni, kì í ṣe eyín rárá. A lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ́jú rẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ínẹ̀yẹ. Lábẹ́ òfin wọn náà, a lẹ́tọ̀ọ́. Ìyá rẹ̀ dúró lókèèrè, ó kọjú sí wa, kò jẹun, kò sì lọ.

Nínú ọkọ̀, awakọ̀ pa rédíò. Mo ní èmi ni mo pa ọmọ àgùnfọn náà. Dókítà ní ìkookò ló pa á. Nígbà tó ṣe, ó ní ẹni tó so wáyà ló pa á, àti pé bó bá jẹ́ òun ló wò ó, ohun kan náà ni òun ì bá sọ. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. O mọ irú ọ̀rọ̀ tí àwa náà máa ń sọ fún ẹbí aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Kì í ṣe ohun tí mo rí ló ń dùn mí. “Ó dá mi lójú” yẹn ni. Ká ní mo sọ pé n kò mọ̀, dókítà ì bá wá bó ṣe máa súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti kọ́ṣẹ́, ta ló ń ní òun kò mọ̀? Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wọn kò sọ bóyá ohun tí à ń rí ṣe é fọkàn tán.

Mo ti di ẹrù mi. Lánàá ni mo fẹ́ sọ fún wọn pé mò ń padà sílé. Kí n tó la ẹnu, ìròyìn dé pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà kan ń tiro lẹ́bàá odò. Dókítà ń jẹ ẹ̀wà, kò gbójú sókè, ó ní èmi ni n óò wò ó láàárọ̀. Mo ní kó wá ojú mìíràn.

Ó ní, “Ojú tó ti ṣìṣe ni mo fẹ́. Èyí tí kò tíì ṣìṣe rí ló ń bà mí lẹ́rù.”

Awakọ̀ bu tíì fún mi.

N kò tíì dá wọn lóhùn. Má sọ fún Màmá o, wọ́n á ní ṣebí àwọn ti sọ. Bá mi kí wọn, kí o sì bá mi kí ọkọ wa, àwọn ọmọ, àti gbogbo wọ́ọ̀dù. Kọ̀wé sí mi, kí o sọ bí o bá ti rò ó, má fi ṣúgà sí i.

Awakọ̀ ti ṣíná ọkọ̀ níta. Mo ti wọ bàtà, n kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ti mọ́, mo pa àtùpà.

Ẹni rẹ tọkàntọkàn,
Oníbéèrè.