Ìró Odó Tí N Kò Dúró Gbọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá láti Ìkàrẹ́, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ rántí ìtàn ogun tí ẹ máa ń sọ fún wa lóko, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kírun Àsárì, tí ẹ jókòó sórí gbòǹgbò igi kòkó, tí ọkọ́ yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Bí àwọn ará Ọ̀kà ṣe sá gun òkè, tí wọn kò gbọdọ̀ gún iyán ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn kan, kí àwọn ọmọ ogun ìsàlẹ̀ má baà gbọ́ ìró odó. Iṣu sísun ni wọ́n ń jẹ ṣáá, ẹ ó sì máa fi ohùn oníkálukú ráhùn. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró dé òpin. Màá dìde, màá gbọn ṣòkòtò mi, màá sì máa lọ.

Lọ́dún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ wa pé ìtàn yín kò ní akọni kankan, pé ogun tó jẹ́ pé iṣu sísun ni ìgboyà inú rẹ̀ kì í ṣe ogun. Ẹ fi ìwé náà sápò bùbá yín, ẹ ń fi orúkọ mi han àwọn ènìyàn, títí ọ̀rẹ́ yín télọ̀ fi kà á sí yín létí. Ẹ kò bá mi wí. Ẹ kàn dáwọ́ ìtàn dúró. Báwo ló ṣe dùn yín tó? N kò bi yín rí.

Àbíkẹ́yìn mi obìnrin, tí ẹ kò rí kí ẹ tó kú, ń ṣe géèmù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àkùngbá. Eré orí kọ̀ǹpútà ni, bí ìtàn tí ẹni tó ń ṣeré fúnra rẹ̀ ń darí. Idà ṣáá ló kún inú apá kìíní. Àwọn lámèyítọ́ ní ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọkàn ń sùn. Nígbà tó ń wá ìtàn fún apá kejì, mo fún un ní tiyín. Ó bi mí bó ṣe parí. N kò mọ̀. Ọ̀kadà ló gùn lọ bá àbúrò mi obìnrin ní Ọ̀kà, ẹni tó máa ń jókòó tì yín dé òpin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jọ ka ohun tí àwọn lámèyítọ́ kọ nípa apá kejì náà. Ọ̀pọ̀ yìn ín. Ẹnì kan ní ó ń falẹ̀. Òmíràn kọ ọ́ pé eré ogun tí iṣu sísun ti jẹ́ ìgboyà kì í ṣe eré ogun. Bàbá mi, ọ̀rọ̀ mi gan-an! Mo ní kí wọ́n bá mi bu omi. Mo rò pé inú ọmọ náà yóò bàjẹ́, ẹ̀rín ló rín.

“Dádì, ẹni yìí ò ṣe é dé òpin. Kò mẹ́nu ba odó rárá.”

Mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi náà kò ṣe é dé òpin. Ó gbé eré náà síwájú mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo fọ́ ìkòkò, mo jẹ́ kí ewúrẹ́ ké, àwọn ọmọ ogun sì ń gbọ́, wọ́n ń gun òkè wá mú wa, mo sì ń tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wá pa ariwo mọ́ títí wọ́n fi lọ tán, ìyá arúgbó kan gbé odó rẹ̀ nàró, ó wo ìsàlẹ̀ òkè, ó sọ ọmọ odó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ilé kejì dáhùn, ilé kẹta dáhùn, títí gbogbo òkè fi ń dún. Àbúrò mi ní ẹ máa ń fi ẹ̀rú ọkọ́ lu ilẹ̀ níbẹ̀, jẹ́jẹ́, kó tó wá yá. Ìdí nìyẹn tí ọkọ́ yín kì í fi í jìnnà sí yín?

Mo kọ tèmi náà, ọmọ mi sì fi í sábẹ́ ti àwọn yòókù: “Mo ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìtàn yìí rí láìgbọ́ ọ tán. Mo ti gbọ́ ọ tán báyìí. Ó dára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.”

Èmi ni, ọmọ yín tó jókòó tì yín lónìí títí odó fi dún.