Ẹ́ńjìnì Tó Ń Dún Láàárọ̀

Àjídò, Ọjọ́rú, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1954

Bàbá Dúpẹ́ mi,

Hùnsù, dírẹ́bà tí mo gbà láti máa wa lọ́rì yín lẹ́yìn ikú yín, fi àwọn ẹlẹ́ja sílẹ̀ lọ láàárọ̀ yìí. Bí ẹ́ńjìnì ṣe dún báyìí ló forí lé ọjà Agbálàtà. Mo ní kó jẹ́ kó gbóná díẹ̀ bí ẹ ti máa ń ṣe. Ó ní, "Ìyá wa, ojú ọ̀nà ni yóò ti gbóná. Epo la kàn ń sun dànù."

Kò pẹ́ sí i ni Ìyá Àlàbá gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan dé, ó ń mí hẹlẹ. "Ta ló ń lé dírẹ́bà rẹ ná? Bí a bá ti gbọ́ pé lọ́rì ń dún la máa ń jáde nílé. Bó bá tún fi wá sílẹ̀ lọ, ọkọ̀ ojú omi la ó máa wọ̀."

Bí wọ́n bá lọ, kí la ó máa jẹ?

Ọyẹ́ ni mo rò pé ẹ ń tìtorí rẹ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa dún pẹ́. Àbí tìtorí àwọn ẹlẹ́ja ni?

Mo ti ní kí Hùnsù tètè yí ẹ́ńjìnì lọ́la, kó jẹ́ kó máa dún, kó sì dúró de Ìyá Àlàbá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn ò kan ẹ́ńjìnì.

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò bi yín rí ìdí tí ẹ fi ń ṣe é. Mo kàn máa ń gbọ́ ọ lórí ibùsùn, màá sì mọ̀ pé ẹ ò tíì lọ.