Ọkọ̀ Mi Kì í Ṣe Owó Ìborí

Èmi, Ramli ọmọ Sahidin, apẹja ní Home Island, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Cocos, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ọkàn mi ló ń ṣàìsàn, orí mi pé. Lọ́jọ́ Ajé ni bàálù yóò gbé mi lọ sí Perth fún iṣẹ́ abẹ. Bí n kò bá padà, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ, mo ti fà á ya.

1. Ìyá mi ló ni ilé àti àwọn adìyẹ. Kí ẹnikẹ́ni má bá a du yàrá mi.

2. Àwọ̀n ńlá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Kasan. Àwọ̀n nìkan.

3. Ọkọ̀ ìgbòkun tí bàbá wa kàn, mo fi fún Sumirah, àbúrò mi obìnrin. Kò sí àdéhùn kankan.

Àdéhùn wà nínú ìwé àkọ́kọ́. Bàbá Kasan ló ní kí n kọ ọ́ pé Sumirah ni yóò ni ọkọ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ṣí orí sílẹ̀. Mo rò pé kò burú, nítorí Sumirah ń wé ìborí láti kékeré, ẹnikẹ́ni kò fipá mú un. Nígbà tí mo kà á fún un, ṣe ló fò dìde.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gba ọkọ̀ yín! Ọlọ́run ni mo ń bo orí fún. Tí mo bá wé e lọ́la, ta ni yóò gbà pé kì í ṣe nítorí ọkọ̀? Èmi gan-an kò ní mọ̀ mọ́.”

Bàbá Kasan rẹ́rìn-ín. “Ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà la ní kó máa ṣe! Kí ló wá ń bí i nínú?”

Sumirah kọjú sí i. “Ó dáa, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi kọ tiyín náà: bí ẹ bá sùn kọjá ìrun Àsùbáà lọ́jọ́ kan péré, kí ẹ pàdánù àwọ̀n.”

Ìyá wa sáré wọ ilé ìdáná kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

4. Azlina, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ni kó mú ìwé yìí ṣẹ.

Azlina, mo mọ̀ pé a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí o ti bọ́ ìborí tìrẹ. O ní ó ń de ẹ̀yin obìnrin mọ́lẹ̀. Sumirah ní òun ń rí agbára nínú rẹ̀. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, n kò mọ ẹni tí mo lè gbè lẹ́yìn, inú sì ń bí mi pé n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Sumirah nítorí ohun tó wà lórí rẹ̀ tàbí tí kò sí níbẹ̀, ìwọ lo lẹ́nu tí yóò lè bá wọn jà. Má gbà fún wọn.

Sumirah kò tíì sọ pé òun gbà á. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé báyìí. Ó ń ti ọkọ̀ náà bọ́ sínú omi.

Mo fọwọ́ sí i: Ramli Sahidin
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 2014

Àwọn ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ nígbà tí mo fọwọ́ sí i:
Wahyuni Jamil, olùkọ́
Hasbul Ludin, awakọ̀ ojú omi