Ká Wọn BP Kí Orin Tó Bẹ̀rẹ̀

Mọ́mì mi àtàtà,

Inú ń bí mi, mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo lè kó o lé lórí.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wa ní Ìkòsì ni. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: àwọn tó lẹ́jẹ̀ ríru á dé láàárọ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kọrin, wọ́n á jó, kí nọ́ọ̀sì kankan tó fọwọ́ kàn wọ́n. Mo ní ká kọ́kọ́ máa wọn BP wọn. Ọ̀gá wa kọ̀ jálẹ̀. “Nọ́ọ̀sì, jẹ́ ká fún Ọlọ́run ní tiẹ̀ ná, jàre.”

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ kí n dán an wò lọ́jọ́ kan péré, bí orin bá ṣe ń lọ. Àṣìṣe gbáà! Láti ojú agbo ijó ni wọ́n ti ń wá jókòó tì mí, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gbogbo BP ló ga! Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo bẹ ọ̀gá wa fún bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, kí n wọn tàwọn tó bá jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Ó gbà, ó ń kùn. Màámá kan láti Ifákọ̀ wà níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní kò sóhun tó ń ṣe òun, orí ló kàn ń fọ́ òun díẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n, BP rẹ̀ ti ga kọjá ààlà. Wọn ò tíì kọrin débì kan tí mọ́tò fi gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Gbàgádà. Ó yè é, Mọ́mì.

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì la ó máa wọ̀n. Ọ̀gá wa ti ń sọ ọ́ kiri bí ẹni pé òun ló ronú kàn án. Ó yẹ kínú mi dùn.

Ẹ̀yin ni mò ń bínú sí. Orí ń fọ́ yín láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tiyín ní Kétu. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ dìde dárin, pé ohùn yín ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, kẹ́ ẹ tó ṣubú, tẹ́ ẹ ò sì dìde mọ́. Ta ló ní dandan ni kẹ́ ẹ dìde? Ṣé Ọlọ́run ò ní gbọ́ ni, ká ní ẹ jókòó kọ ọ́?

Èmi ni,
ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe ń bínú sí yín lọ.