Ibi Tí Ẹ Ti Máa Ń Gbé Ọwọ́ Sókè

Bàámi, ọkọ Màámi,

Màámi ní kí n kọ́kọ́ bi yín, kí n tó sọ ohunkóhun, níbo lẹ fi kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ sí. Wọ́n ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti tú inú gbogbo bàtà yín wò, wọ́n tilẹ̀ ti fura sí àwọn tó wá kí wa níjọ́ ìsìnkú. Wọ́n ní bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ mú un dání lọ ni, kí ẹ kúkú sọ. Mo ní n ó bá wọn béèrè, mo sì ti béèrè.

Ara wọn le. Wọ́n ṣì máa ń bu oúnjẹ yín sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rántí. Wọ́n á wá bá yín jẹ ẹ́, wọ́n á ní kó má baà ṣòfò. Ọkọ mi kí yín. Iṣẹ́ ìjọba wa ní Àkúrẹ́ wà bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, à ń lọ, à ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn tó mú mi jókòó kọ̀wé yìí ju ìyẹn lọ. Bàámi, mo ti ń ta gìtá.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ni, èmi tí ẹ gbé gìtá lé lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo ní okùn ń gé mi lọ́wọ́. Mo ti gé èékánná ọwọ́ òsì mi wálẹ̀ pátápátá, mo fi ti ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀, àwọn obìnrin ọ́fíìsì wa sì ń bi ara wọn bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ baba ní Oǹdó nìyẹn. Orí ìka mi ti yi débi pé mo lè yọ iṣu gbígbóná láti inú ìkòkò láìwá nǹkan fi dì í mú.

Ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ̀yin lẹ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ yín pé èyí tó bá lè ta orin tí ẹ fẹ́ràn jù yẹn já níwájú wọn nínú àwọn ọmọ yín ni kí wọ́n gbé gìtá yín fún. Bí wọn kò bá rí ẹnì kankan kí ìrántí ọdún kan yín tó dé, kí wọ́n gbé e fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi Délé ní tòun, òun kò lè torí igi àti okùn padà sí iléèwé. Ṣùgbọ́n èmi mọ yàrá tí ṣọ́ọ̀ṣì ń kó ẹrù sí. Mo ro gìtá yín láàárín àga tó ti kán àti àwọn eku tó ti ń jẹ ìwé orin láti ọjọ́ tó ti pẹ́, oorun kò sì kùn mí mọ́. Òórùn ìpara yín ṣì wà lára igi rẹ̀. Ibi tí apá yín máa ń sinmi lé ti dán kọjá ibi yòókù. Mo fẹ́ gìtá yẹn, Bàámi, mo fẹ́ ẹ gidigidi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wá Tọpẹ́ lọ. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, kò tíì pẹ́ tó parí yunifásítì, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní gìtá nínú pálọ̀ ìyá rẹ̀. Mo rò pé n ó ní láti ṣàlàyé orin náà fún un, nítorí orin òyìnbó ayé àtijọ́ ni, kò ní ọ̀rọ̀ kankan, gìtá nìkan ló ń dá ṣe é. Mo kùn ún fún un díẹ̀. Kò tíì jẹ́ kí n kùn ún dé ìdajì tó fi gbé gìtá tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó ní gbogbo ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ òun, títí kan àwọn ọmọ tí orin ìwòyí kún inú fóònù wọn, kì í pẹ́ tí wọ́n fi máa ń béèrè fún un. Nínú orin ìwòyí, ó ní, ẹ̀yìn olórin ni gìtá máa ń tẹ̀ lé bí ọmọ ọ̀dọ̀. Nínú èyí, gìtá fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá.

Mo rò ó títí lọ́jọ́ náà, mo sì rò pé ó tún ní ìdí mìíràn. Orin tó ní ọ̀rọ̀ máa ń gbó. Ẹ rántí orin tí wọ́n fi máa ń kí ọ̀gá wa àtijọ́ ní ọ́fíìsì, tí gbogbo wa ń jó sí? Ta ló lè kọ ọ́ báyìí tí wọ́n ti yọ ọ́ nípò? Ṣùgbọ́n orin yín yìí kò yin ẹnikẹ́ni, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sí ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ bá a jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ẹ̀rín nìyí. Tọpẹ́ ṣí orin náà lórí fóònù kí n lè gbọ́ bí ẹni tó ni ín ṣe ta á. Mo gbọ́ ọ, omi sì bọ́ lójú mi, nítorí àfi bíi pé ẹ jókòó sí pálọ̀. Ó dé ibi tí ó yẹ kí ó ti ta ohùn kékeré yẹn ní àtúntà bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kí ó dákẹ́, kí ó tó fò síwájú. Kò dákẹ́. Ó kọjá níbẹ̀ wọ̀ọ́rọ̀wọ́. Mo ní kí Tọpẹ́ dá a padà, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó dá a padà, ó tún kọjá. Ó wá èyí tí ẹlòmíràn ta, òun náà kọjá. Mo bá ọmọ ọlọ́mọ jiyàn pé wọ́n ti gé e kúrò.

Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ lọ sílé ni mo ti rántí. Mo rí ara mi lórí ẹní ní pálọ̀ wa ní Oǹdó, iwájú giramafóònù. Rẹ́kọ́ọ̀dù yín ní ibi kan tó ti fá. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ibẹ̀, á há, á máa tún ohùn kan náà sọ. Ẹ̀yin á gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí okùn gìtá, ẹ ó na ìka kan, ẹ ó ti abẹ́rẹ́ síwájú. Abẹ́rẹ́ á fò, ẹ̀yin náà á sì gbá a mú níbi tó fò sí. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ orin náà. Nígbà tó yá, giramafóònù kú, rẹ́kọ́ọ̀dù sọnù, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín kò gbàgbé. Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ ó tún un ta, ẹ ó na ìka sínú afẹ́fẹ́, ẹ ó dákẹ́ díẹ̀, ẹ ó fò. Àwọn tó wá kọ́ gìtá lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn ìgbà náà kò bá giramafóònù láyé. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ fi ń wò mí nínú dígí. Ṣé ẹ mọ̀, Bàámi? Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sí nínú orin náà, àbí ẹ̀yin náà ti gbàgbé pé rẹ́kọ́ọ̀dù ló há?

Mo kọ́ ọ bí ó ṣe wà lórí fóònù, nítorí mo rò pé ẹ̀bùn ni n ó gbé lọ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ yín. Nígbà tó dá mi lójú, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ bá wọn nílé Bọ̀dá Akínfọlárìn. Òun ló di olórí wọn lẹ́yìn yín. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹnì kan ń pariwo lẹ́yìn kíláàsì. Wọ́n jókòó yí ká, gbogbo wọn ti hu ewú, wọ́n gbé gìtá yín jókòó sórí àga tirẹ̀. Wọ́n gbé e fún mi, mo ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàámi, n kò ṣe àṣìṣe kan.

Wọ́n ń wò mí bí a ṣe máa ń wo ọmọ tí èsì ìdánwò rẹ̀ kò dára. Bọ̀dá Akínfọlárìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“O gbìyànjú, ọmọ dáadáa. Àmọ́ o fo ibi tó dùn jù.”

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbọ́ bí ẹni tó kọ orin náà ṣe ta á fúnra rẹ̀. Mo gbé fóònù sórí tábìlì. Wọ́n pa ojú dé, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, gbogbo ọwọ́ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ìka kọ̀ọ̀kan nà sí òkè, ṣùgbọ́n òyìnbó inú fóònù bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n la ojú, wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní kí n dá a padà. Ó tún bá tirẹ̀ lọ.

“Ọkùnrin yìí mọ gìtá ta,” Bọ̀dá Akínfọlárìn sọ. “Ìka rẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọ kò kọ́ ọ parí.”

Àwọn yòókù gbà bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ ṣe ọ̀kan nínú wọn láàánú, ó ní ó dun òun pé òyìnbó náà kò mọ Oǹdó kó tó kú.

Mo ti la ẹnu, Bàámi. Ọ̀rọ̀ giramafóònù ti dé orí ahọ́n mi. Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lú sùúrù, ohun tí ọwọ́ yẹn túmọ̀ sí. Ọ̀kan ní ọpẹ́ ni, pé ẹ̀yin kì í ta orin já láìdúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láàárín. Òmíràn ní rárá, ẹ ń sọ fún gìtá pé kó mí ni. Bọ̀dá Akínfọlárìn ní bí òun ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni pé ibẹ̀ ni onígìtá ti máa ń rántí pé orin kò bẹ̀rẹ̀ lórí òun. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lé e lórí. Níbo ni n ó ti wọ àárín wọn kí n sọ pé abẹ́rẹ́ lẹ ń tì? Mo pa ẹnu mi dé. Wọ́n fún mi ní ààyè ẹ̀ẹ̀kan sí i kí ìrántí tó dé, mo sì padà sí Àkúrẹ́.

Ẹ ò bá rí ojú Tọpẹ́ nígbà tí mo ní kó kọ́ mi bí rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe ń há. Ó kà á, ó gbá ẹsẹ̀ sí i, ó gbá tábìlì sí i, ibi tí orin ń fò sí kò bá ìṣirò kankan mu. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ dájú. Mo ní ó dá mi lójú. Nígbà tó sú u, ó gba gìtá lọ́wọ́ mi.

“Ẹ máa lọ sí ulé, mà. Ẹ lọ sinmi. Orí ń fọ́ mi.”

Bàbá onílé wa náà wá kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní láti bí oṣù mélòó kan ni àwọn ti ń gbádùn orin náà láti ìsàlẹ̀, kí ló dé tó fi ń já báyìí, ṣé àìsàn ń ṣe mí ni.

Èmi nìkan ni mo padà kọ́ ọ fúnra mi. Mo pa ojú dé, mo ń wò yín. Mo ń tún ohùn náà ta, ṣùgbọ́n mo kàn ń gbé ọwọ́ sókè bí ènìyàn ṣe ń sáàmì sí ìwé ìwọlé ní ibi iṣẹ́ ni. Ká má parọ́, gìtá ni mò ń wá, mo ti múra láti tan àwọn bàbá náà jẹ.

Lánàá ni mo padà lọ. Gbogbo wọn gbé gìtá tiwọn, wọ́n ní àwọn yóò bá mi ta á. A bẹ̀rẹ̀. A dé ibẹ̀, a tún un ta, mo sì gbé ọwọ́ sókè.

Bàámi, ibẹ̀ dákẹ́. Bí mo ṣe na ìka mi sínú afẹ́fẹ́ ni mo rí i pé gbogbo ìyókù orin náà, láti òkè délẹ̀, ti òyìnbó ni. Ó wà nínú fóònù gbogbo ayé, kò sí ẹni tí kò lè gbọ́ ọ. Ibi tó ti há yìí nìkan ni tiyín. Kò sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti ń ta á bẹ́ẹ̀ àfi láàárín àwọn arúgbó wọ̀nyí, nítorí pé ẹ jókòó sí pálọ̀ wa lọ́jọ́ kan, ẹ sì ń fi ìka ti abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ gbé ọwọ́ mi wálẹ̀, kò wálẹ̀. Ẹkún gbá mi mú. Mo gbé ọwọ́ sókè, mò ń sunkún, àwọn náà sì gbé tiwọn sókè, wọ́n ń dúró dè mí, kò sí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ fò nínú wọn. Ìyàwó Bọ̀dá Akínfọlárìn yọjú láti ilé ìdáná, ó wò wá, ó rọra padà. Nígbà tó ṣe, mo fò, wọ́n bá mi fò, a sì ta á já.

Wọ́n ní mo pẹ́ jù níbẹ̀. Wọ́n ní kí n máa dín in kù. Lẹ́yìn náà ni Bọ̀dá Akínfọlárìn dìde, ó fi aṣọ nu gìtá yín, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ó wà lórí ẹsẹ̀ mi báyìí tí mò ń kọ èyí. N kò sọ ọ̀rọ̀ giramafóònù fún wọn, n kò sì ní í sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ẹ bá pàdé ẹni tó kọ orin náà níbi tí ẹ wà, tó bá ní òun fẹ́ tún un ṣe fún yín, ẹ jọ̀ọ́, Bàámi, ẹ má gbà fún un.

Èmi ọmọ yín obìnrin tí okùn ń gé lọ́wọ́, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín lójoojúmọ́.